Wọ́n Ta Ṣọ́ọ̀bù Oògùn, Ọdún Iṣẹ́ Yín Ńkọ́?

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ilẹ̀ Britain tí wọ́n ń pè ní TUPE dúró lé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1981 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2006. Bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn bá tà á, iye ọdún tí apòògùn ti lò níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti wákàtí tí wọ́n jọ fẹnu kò lé, ọrùn ẹni tó rà á ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí, bí ẹni pé òun ló gbà á síṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Àmọ́ àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn, ọ̀gá tuntun lè ní òun kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìwé ni kí apòògùn kọ́kọ́ wá, kó tó wá ìjà.

Ọ̀rọ̀ ṣùnùkùn, ojú ṣùnùkùn la fi ń wò ó. Kí ni wọ́n tà gan-an? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Sycamore Partners ra Walgreens Boots Alliance, tó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn Boots nígbà náà, ní 2025, ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ àgbà ni wọ́n rà. Irú títà bẹ́ẹ̀ kì í yí agbanisíṣẹ́ padà, TUPE kò sì kàn án. Àdéhùn wà níbi tó wà. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni wọ́n tà, ìgbà yẹn ni TUPE wọlé. Ọ̀gá àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùrà, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn mọ ohun tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lè bu owó iṣẹ́ tó tó ọ̀sẹ̀ 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. (Lókọ́ọ̀mù, ìyẹn apòògùn adelé, tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ kò sí nínú èyí.)

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni òfin náà ń ṣe, nígbà tí àwọn apòògùn ṣì ń pàdánù iṣẹ́ lẹ́yìn títà. Òótọ́ ni. Òyìnbó tó ṣe léèdì ló ṣe írésà: wọn kò gbọ́dọ̀ lé ènìyàn nítorí títà nìkan, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá tuntun bá ní ìdí ọrọ̀ ajé tàbí ti ètò iṣẹ́ tó mú kí iye òṣìṣẹ́ dín kù, àyè wà fún un. Ṣọ́ọ̀bù méjì ní òpópónà kan náà lábẹ́ ọ̀gá kan, ẹ mọ ohun tó lè tẹ̀lé e. Ibẹ̀ gan-an ni ọdún àtijọ́ ti wúlò, nítorí láti ọjọ́ tí apòògùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka owó ìdáṣẹ́dúró rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn kò ní bá olówó tuntun ṣe. Ẹ̀tọ́ wọn ni, àmọ́ ẹni tó bá kọ̀ lọ, òfin kò kà á sí ẹni tí wọ́n lé, owó ìdáṣẹ́dúró kò sì tọ́ sí i.

Ti ọmọ Nàìjíríà tó fi físà iṣẹ́ wà ní Britain le díẹ̀ sí i. Olùrà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Bí kò bá ní in, ọjọ́ iṣẹ́ 20 péré lẹ́yìn títà ló ní láti béèrè fún un, físà yín ló sì wà nínú ewu bí kò bá ṣe é. Ẹ má sì rò pé ti ilé sàn jù. Abala 10 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé àdéhùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bí apòògùn kúrò nínú àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́.

Kí ọjọ́ títà tó pé, ẹ kó ìwé àdéhùn àti ìwé owó oṣù yín sílé. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè má lè ṣí mọ́ lọ́la. Bí ọ̀gá àtijọ́ bá fẹnu gbà pé ẹ kò ní ṣiṣẹ́ Sátidé, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i kó dáhùn. Ẹ bi í léèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì náà, torí kì í bá àdéhùn lọ ní kíkún. Bí ọ̀gá tuntun bá gbé àdéhùn mìíràn wá, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.