Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àbọ̀ Àyẹ̀wò Ilé ní Etíkun Ìlàjẹ

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe lè túmọ̀ àbọ̀ àyẹ̀wò ilé fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilé ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kò sí lára iṣẹ́ tí ó dáwọ́ lé. Síbẹ̀, owó tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lè ṣègbé nítorí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí a ṣì túmọ̀.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ti ọwọ́ mi wáyé rí. Ìyá àgbà kan tí ó fẹ́ ra ilé ní etí omi mú àbọ̀ ẹnjiníà kan tọ̀ mí wá. Níbi tí ẹnjiníà ti sọ̀rọ̀ nípa òpó kọnkéré tí ó gbé ilé dúró, mo kọ ọ́ pé 'òpó ti sán'. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọmọ mi, ilé wo ni kì í sán?' Ó sì ti ń múra àtisan owó. Màmá kò jẹ̀bi. Sísán jẹ́ ti sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ara ògiri. Kì í jìnnà ju ojú lọ. Ti òpó yìí yàtọ̀. Iyọ̀ inú omi òkun ti wọ inú kọnkéré dé ara ọ̀pá irin, irin sì ti ń dípáàrà. Bẹ́ẹ̀ ni ìpáàrà a máa gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ: ó ń ti kọnkéré láti inú títí ó fi lanu ní òòró, ní ibi tí ọ̀pá irin náà gbà kọjá gan-an. Nítorí náà, a dábàá 'ìsán' fún ti ojú, àti 'ìlanu ìpáàrà' fún èyí tí ó ti inú wá. Nígbà tí mo tún un sọ báyìí, ẹ̀rín tán lẹ́nu màmá. 'Ṣé irin ń jẹ ẹ́ nínú ni?' Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ etíkun yìí. Àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì tilẹ̀ ń fi ẹrẹ̀ Mahin pe apá kan rẹ̀. Rírì ilé kò ṣe àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 'rírì ọgbọọgba' kò léwu tó 'rírì ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́kan', èyí tí ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì mọ́ sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Ní ti òpó igi, àwọn atúmọ̀ èdè a máa kọ 'ikán' fún gbogbo ohun tí ó bá ń jẹ igi. Ikán kì í gbé inú omi. Ohun tí ń lu òpó inú omi iyọ̀ kì í tilẹ̀ ṣe kòkòrò. Ẹran omi oníkarawun ni. Inú igi ni ó ń jẹ, tí ara òde yóò máa dán. A dábàá 'alugi omi'.

Èyí tí ó ṣòro jù ni 'ọ̀gbàrá'. Òjò ni ó ni ọ̀gbàrá, gọ́tà sì lè gbà á. Ìkún omi pẹ̀lú a máa fà. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Bí a bá pe èyí ní ọ̀gbàrá, ẹni tí ó ń ra ilé yóò rò pé gọ́tà ni ó kù kí òun là. 'Ìjẹlẹ̀ òkun' ni kí a pè é.

Adétugbọ̀ (1967) ka ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ mọ́ ti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣe é ṣe kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ ti ní orúkọ tí ó sàn ju 'alugi omi' lọ. Kí àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìgbókòdá àti agbègbè rẹ̀ jọ̀wọ́ bá wa béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn.