Ilé iṣẹ́ tí kò mọ ibi tí àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ wà kò tíì lè tì í pa

Bí èèyàn bá lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì lónìí, ohun tó ń fi síbẹ̀ ju owó lọ. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nọ́ńbà BVN àti NIN rẹ̀, títí kan fọ́tò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí owó bá sọnù, báńkì lè san òmíràn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí báńkì tó lè fún oníbàárà ní ọjọ́ ìbí mìíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ kò fi jẹ́ ti àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ní Nàìjíríà, òfin ti wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ àwọn aráàlú, òfin yìí ló sì dá àjọ NDPC sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá jò síta lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 péré ni ilé iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ náà létí. Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn tó tó ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, tàbí mílíọ̀nù 10 náírà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Sọ́fúwià tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò láti fi kápá ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Èkíní, ó ń wá ibi tí àkọsílẹ̀ tó gbẹgẹ́ wà. Èkejì, ó ń pàṣẹ ẹni tó lè rí i. Ẹ̀kẹta, ó ń sọ ọ́ di àdììtú, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní encryption, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ kò ní lè kà á. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n mọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni Apache Ranger. Ilé iṣẹ́ XA Secure ló kọ́kọ́ ṣe é. Hortonworks rà wọ́n ní 2014, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún àjọ Apache Software Foundation, tó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó. Ní 2016, Balaji Ganesan àti Don Bosco Durai, àwọn tó dá XA Secure sílẹ̀, tún dá Privacera sílẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ Ranger ni wọ́n gbé ti Privacera lé, wọ́n wá fi iṣẹ́ ìwárí àti àdììtú kún un.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé iṣẹ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù láti rà. Wọ́n á ra àgádágodo kí wọ́n tó mọ iye ilẹ̀kùn tí ilé ní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ńlá méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀nà yẹn kò dára.

ẸQUIFAX ÀTI CAPITAL ONE

Equifax jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń yá owó àti bí wọ́n ṣe ń san án. Ní 2017, àwọn olè gba ihò kan tí wọn ò tíì dí nínú sọ́fúwià wọlé. Nígbà tí wọ́n dé inú, wọ́n rí fáìlì kan tí orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ gbalaja, láìsí àdììtú kankan. Fáìlì yìí ni wọ́n fi dé inú àká dátà 48 tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ibi tí wọ́n gbà wọlé. Ọjọ́ 76 ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣọ́ ohun tó ń jáde kò ṣiṣẹ́, nítorí ìwé ẹ̀rí tó ń lò ti kọjá àkókò láti oṣù 19 sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 147 ló bọ́ sọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti wá fáìlì yẹn rí kí olè tó rí i, ìbàjẹ́ náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ti Capital One yàtọ̀. Báńkì yìí ti sọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ di àdììtú lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó yá lọ́dọ̀ Amazon. Síbẹ̀, ní 2019, ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Amazon gba ibi firewall kan tí wọn kò tò dáadáa wọlé, ó sì gba àṣẹ tí wọ́n fún firewall náà lò. Àṣẹ ọ̀hún ti pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ ni kọ̀ǹpútà rí, ńṣe ló tú àdììtú náà fún un. Àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 100 ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà ló jáde. Ní 2020, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn báńkì níbẹ̀ ní kí Capital One san mílíọ̀nù 80 dọ́là. Ohun tó kó báńkì náà yọ díẹ̀ ni pé wọ́n ti fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò ọ̀pọ̀ jù lọ nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn oníbàárà. Àwọn tí wọ́n ti rọ́pò bẹ́ẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ olè.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Àdììtú kò lè gba ẹni tí kò mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà, kò sì lè gba ẹni tó ti fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti ṣí i.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: WÍWÁ

Sọ́fúwià ìwárí máa ń wọ inú àká dátà àti fáìlì lọ, á máa wo àwọn ohun tó jọ nọ́ńbà káàdì, BVN tàbí àdírẹ́sì. Ti káàdì rọrùn, nítorí nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣírò láti ara àwọn tó ṣáájú. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ńbà káàdì.

Ní Nàìjíríà, ìṣòro kan wà tí sọ́fúwià tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè kì í mọ̀ fúnra rẹ̀. BVN jẹ́ nọ́ńbà 11. NIN náà jẹ́ 11. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 tàbí 070 tún jẹ́ 11. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ kàn máa wá nọ́ńbà 11, á da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń tò ó sọ fún un pé kó wo bí nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kó wo orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìlà náà, kó sì wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èèyàn gbọ́dọ̀ yẹ èsì rẹ̀ wò.

Inú àká dátà ńlá kọ́ ni àkọsílẹ̀ ti sábà máa ń sọnù. Ó máa ń wà nínú Excel tí òṣìṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, nínú ẹ̀dà tí àwọn tó ń ṣe sọ́fúwià fi ń dán iṣẹ́ wò, àti nínú ẹ̀dà ìpamọ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo èyí tí wọ́n bá rí, kí wọ́n lẹ àmì mọ́ ọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀gá tó ni ín sí i. Ọ̀gá ẹ̀ka tó ń lò ó ni kó jẹ́, kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá lólúwa, tí òfin kò sì ní kí wọ́n tọ́jú, kí wọ́n pa á rẹ́. Àkọsílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, olè kò lè jí i.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: ÀṢẸ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìbéèrè tó wà níbí ni pé ta ló yẹ kó rí kí ni, fún iṣẹ́ wo.

Bí Ranger ṣe ń ṣe é nìyí. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ gbogbo àṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní plugin, á wà lẹ́nu ọ̀nà àká dátà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 síra ni ẹ̀ṣọ́ náà ń béèrè bóyá àṣẹ ti yí padà. Ó tún máa ń tọ́jú ẹ̀dà àṣẹ tó gbà kẹ́yìn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ bá dákẹ́, iṣẹ́ kò ní dúró, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí sílẹ̀.

Àṣẹ lè kéré gan-an. Òṣìṣẹ́ tó ń sanwó lè rí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú BVN, kí ìyókù jẹ́ X. Ẹ̀ka Ìbàdàn lè rí àwọn oníbàárà Ìbàdàn nìkan. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò ọjà lè rí ọjọ́ orí àti iye owó láìrí orúkọ. Èyí tó dára jù ni pé kí wọ́n so àṣẹ mọ́ àmì tí wọ́n lẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Bí wọ́n bá rí BVN níbi tuntun lọ́la, tí wọ́n sì lẹ àmì mọ́ ọn, òfin BVN á ti dé orí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kọ òmíràn.

Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wá láti inú ìwé orúkọ kan náà tí ilé iṣẹ́ ń lò fún gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni àṣẹ rẹ̀ máa kú. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wo nǹkan, tàbí tí wọ́n bá kọ̀ fún un, ni sọ́fúwià náà ń kọ sílẹ̀. Ìwé yìí ló ń gba ilé iṣẹ́ là láàárín wákàtí 72 òfin, torí òun ló máa sọ ohun tó jáde àti ẹni tó mú un.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÀDÌÌTÚ ÀTI KỌ́KỌ́RỌ́

Ìlànà AES, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò, ó sì lágbára tó. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé sọ́fúwià báńkì tó ti pẹ́ ń retí BVN tó jẹ́ nọ́ńbà 11. Bí àdììtú bá sọ ọ́ di lẹ́tà jàgàjìgì, sọ́fúwià náà á kọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni irú àdììtú kan fi wà tó máa ń sọ nọ́ńbà 11 di nọ́ńbà 11 mìíràn.

Kọ́kọ́rọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Oríṣi méjì ló máa ń wà: èyí tó ń ti dátà pa, àti kọ́kọ́rọ́ àgbà tó ń ti kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ pa. Bí àkókò bá tó láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àgbà, wọn kò ní láti tún gbogbo dátà tì. Bí kọ́kọ́rọ́ àgbà bá sọnù láìní ẹ̀dà, dátà náà ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè tú u mọ́. Nítorí náà, kí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ wà, àmọ́ kó má ṣe wà níbi tí ẹ̀dà dátà wà.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ranger fúnra rẹ̀ ti ya méjèèjì sọ́tọ̀: ẹni tó ń jẹ́ admin ló ń kọ àṣẹ, ẹni tó ń jẹ́ keyadmin ló ń ṣàkóso kọ́kọ́rọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá fi méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́ nítorí pé òṣìṣẹ́ kò tó ti ba ètò náà jẹ́ fúnra rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ìdánwò ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ tò ó, kí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá sọ́fúwià náà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n mú ẹ̀ka kan ṣoṣo, kí wọ́n máa kọ ẹni tó ń wo kí ni sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa rí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí, bí èyí tó ń gba àárín òru ka àkáǹtì kó lè fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sórí fóònù. Ilé iṣẹ́ tó bá ti gbogbo ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo á ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà mọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, tipátipá ni wọ́n á fi tún gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì lè má padé mọ́.

Kí wọ́n tó gba ẹ̀yà tuntun sọ́fúwià náà, kí wọ́n ní ẹ̀dà ibi tí àṣẹ wà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu orúkọ àwọn tó lè rí àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì yọ èyí tí kò yẹ.

Olùdarí tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá lè fi ìbéèrè mẹ́ta wádìí bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dúró. Ibo ni BVN àwọn oníbàárà wà? Èèyàn mélòó ló lè rí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ta sì ni ó ní ẹ̀dà rẹ̀? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní bá jẹ́ "ó yẹ kó wà nínú àká dátà," àkókò àtira àdììtú kò tíì tó. Iṣẹ́ wíwá ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé.