Èèpo tó bu kì í ṣe oògùn

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ewé àti egbò ni mo ń tà ní Challenge, nílùú Ìlọrin. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ń gbé inú àwọn ewé wọ̀nyí, pé òun gan-an ló ń ṣe oògùn inú wọn. Èèpo ọ̀gánwó tí mo kó sínú àpò ti bu lásìkò òjò yìí, ó hu irun funfun. Ṣé oògùn rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i? Ṣé mo lè máa tà á lọ?
— Ìyá Elewé, Challenge, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta èèpo yẹn, ẹ dà á nù. Ọmọ yín ò parọ́, àmọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń wí kọ́ ló hù sínú àpò yín.

Inú igi tó ṣì wà láàyè ni ti ọmọ yín ń gbé, nínú ewé, èèpo àti gbòǹgbò. Ojú lásán ò rí i, kì í sì í pa igi lára. Ayálégbé rere ni: ó ń jẹ lára igi, òmíràn nínú wọn sì ń ṣe èròjà tó ń lé kòkòrò jìnnà sí onílé. Onímọ̀ tó bá ń wá a á fọ ewé tútù, á rì í sínú sípíríìtì, á tún rì í sínú jíìkì, kí ohun tó wà lójú ewé lè kú tán. Á fi omi mímọ́ ṣàn án, á gé e wẹ́wẹ́, á tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òwú tín-ín-rín á máa yọ lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Á tún da díẹ̀ nínú omi tó fi ṣàn án kẹ́yìn sínú abọ́ mìíràn. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, ewé náà ò mọ́ tó, iṣẹ́ di àtúnṣe. Mo fẹ́ràn ìgbésẹ̀ yìí gan-an, torí òun ni kì í jẹ́ ká tan ara wa jẹ.

Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ní Dortmund, ní Jámánì, kéde fọ́ńgọ́ọ̀sì kan láti inú dóńgóyárò tó ń ṣe azadirachtin, èròjà tí kòkòrò ń sá fún lára igi náà. Nílé níbí, Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka ti yẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ewúro wò. Èròjà kan láti inú irú fọ́ńgọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ ti di oògùn tí à ń gbé mì: ibrexafungerp. Inú ewé igi juniper ni wọ́n ti rí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ni èròjà rẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tún un ṣe, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 fún obìnrin tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń dà láàmú lójú ara. Fọ́ńgọ́ọ̀sì la fi ń ṣẹ́gun fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Ibi tí ọmọ yín ti sọ ọ́ kọjá díẹ̀ ni pé òun ló ń ṣe gbogbo oògùn inú ewé. Rárá o. Igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Taxol, oògùn jẹjẹrẹ, wá láti ara èèpo igi yew. Ní 1993, wọ́n ní fọ́ńgọ́ọ̀sì inú rẹ̀ náà ń ṣe é, àmọ́ ó kéré débi pé kò wúlò fún iléeṣẹ́ oògùn.

Èyí tó hù nínú àpò yín, ọ̀rinrin ló pè é wá lẹ́yìn tí èèpo ti kú. Nínú irú wọn ni Aspergillus flavus wà, tó ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní Kenya lọ́dún 2004, èèyàn 125 ló kú nítorí àgbàdo tó ní májèlé yìí. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó bu ló ní in, àmọ́ ojú ò lè yà á sọ́tọ̀. Bí ẹ nù ún, bí ẹ tún un sá, bí ẹ sè é lágbo, májèlé náà ò ní kúrò.

Ẹ máa sá èèpo sórí àtẹ tó ga nílẹ̀, kó gbẹ débi pé bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á dún, kẹ́ ẹ tó dì í. Lásìkò òjò, ẹ má kó púpọ̀ pa mọ́, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá sì ti tà nínú èyí tó bu yẹn fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí i lónìí kó má mu ún.