Kì í Ṣe Gbogbo Skáànù Ló ń Rí Inú Ìfun

Baba olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 58, kọ̀wé láti Bódìjà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò nípa jẹjẹrẹ ìfun ńlá, àwọn sì tètè lọ ṣe skáànù ikùn. Èsì jáde pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá ń béèrè bóyá ọkàn àwọn lè balẹ̀ báyìí.

Ó dunni láti sọ ọ́ fún ẹni tó ti náwó tán, àmọ́ àyẹ̀wò yẹn kò dáhùn ìbéèrè wọn. Skáànù tó pọ̀ láti Àgbowó títí dé Dùgbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ikùn kí wọ́n tó ṣe, tí wọ́n sì fi ń wo aboyún, ìró ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń rí ẹ̀dọ̀, ó ń rí kíndìnrín àti ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà nínú ìfun, ìró yẹn kì í sì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Èso kékeré tó ń hù sára ògiri ìfun, tó sábà máa ń lò tó ọdún 10 kó tó lè di jẹjẹrẹ, kò ní hàn níbẹ̀.

Ẹ̀rọ àwòrán tó lè wo ìfun ńlá ni CT, ẹ̀rọ olóbìrìkìtì tí wọ́n ń ti èèyàn gba àárín rẹ̀ kọjá. CT colonography ni wọ́n ń pe irú àyẹ̀wò náà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹni náà yóò mu oògùn tí yóò mú un yàgbẹ́ títí ìfun yóò fi mọ́. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á ki rọ́bà kékeré bọ ìdí rẹ̀, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ìfun lè là, wọ́n á ya àwòrán bó ṣe dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n á tún yà á bó ṣe dojú bolẹ̀. Kò nílò oògùn oorun. Nínú èso 10 tó bá ti tó sẹ̀ntímítà 1, ó máa ń rí nǹkan bí 9. Àwọn tó kéré gan-an lè bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ibi tó kù sí ni pé ó ń wò ni, kò lè yọ nǹkan kan. Bó bá rí èso, àfi kí ẹni náà lọ ṣe colonoscopy, èyí tí dókítà fi ń ti ọ̀pá rírọ̀ tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí wọlé. Ọ̀pá yẹn lè gé èso náà kúrò lójú ẹsẹ̀. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ti ń fi owó àpò ara wọn sanwó ìwòsàn, ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló lè sanwó, colonoscopy ni kó sanwó rẹ̀. Bí ìyẹn bá ga jù fún baba wa ní Bódìjà, kí wọ́n ṣe FIT, àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ọdọọdún ni wọn yóò máa ṣe é, bó bá sì fi lè gbé ẹ̀jẹ̀ jáde, colonoscopy ló kàn.

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ di 45 dípò 50 lọ́dún 2021, ọdún kan lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ yìí pa òṣèré Chadwick Boseman lẹ́ni ọdún 43. Colonoscopy tó bá mọ́ lè di ọdún 10 kí wọ́n tó tún un ṣe, CT ọdún 5. Ní England, ìjọba ló ń fi FIT ránṣẹ́ sílé fáwọn àgbà. Nàìjíríà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìsàn tí àwọn kan ń pè ní ti òyìnbó yìí ti wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù níbí.

Lẹ́tà ìyá oníṣòwò kan ní Challenge ló kó ìdààmú báni jù. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára ìgbẹ́, àgbo jẹ̀dí ni wọ́n ń mu. Wọ́n ń béèrè bóyá CT sàn ju kí wọ́n ti ọ̀pá bọ àwọn nídìí. Rárá o. Ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ ti kúrò ní ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ìdènà. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń tara àwọn méjèèjì jáde. Colonoscopy ló lè rí ojú ibẹ̀, kó sì bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ olùwádìí jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ ARGO, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York jọ ń ṣe, ti ṣe ìwádìí lórí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ lára àwọn kan. Kí ìyá wa má dúró de ìgò àgbo tó kàn. Kí wọ́n gba ilé ìwòsàn UCH lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Àgbowó, tí wọ́n rí jẹjẹrẹ yìí lára bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 47, kò ní dúró di 45. Ọdún 10 ni kó yọ nínú ọjọ́ orí bàbá rẹ̀: 37 ni yóò bẹ̀rẹ̀, colonoscopy ni yóò sì ṣe.

Ìyá kan ní Ring Road ní tiwọn ti ṣe colonoscopy, àmọ́ ọ̀pá náà kò lè dé òpin ìfun. Dókítà wá ní kí wọ́n ṣe CT, ìtànṣán ẹ̀rọ náà sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Irú wọn gan-an ni CT colonography wà fún, ìtànṣán tí wọ́n ń lò fún un kò sì pọ̀. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n béèrè bóyá ilé àyẹ̀wò náà máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìfun fún un, nítorí CT ikùn lásán kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí pé ìyá yìí tún ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n bi dókítà bí wọn yóò ṣe lo oògùn wọn lọ́jọ́ tí wọn kò ní jẹun. Bí irú èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, kó béèrè bóyá CT lè wáyé lọ́jọ́ kan náà tí colonoscopy kò parí, nígbà tí ìfun ṣì mọ́, kó má baà tún oògùn ìyàgbẹ́ mu.