Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Bí Ilé-Iṣẹ́ Bá Sọjí, Kí Ni Olùdókòwò Ń Wò?

Ọ̀rọ̀ tuntun

olùdókòwò: ẹni tó fi owó sínú òwò nítorí èrè
ìpín ìdókòwò: ìdá kékeré nínú ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn lè rà tàbí kí ó tà
àdánù: òdìkejì èrè
sọjí: kí nǹkan tó ti rẹ̀ tún ní agbára

Àyọkà

Bí ẹ bá dé Coolock, ní àríwá Dublin, ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ Cadbury tó ń ṣe ṣokoléètì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Dublin ti mọ orúkọ yìí láti ilé, nítorí Cadbury wà ní Ìkẹjà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Bournvita. Mondelez ti Amẹ́ríkà ló ni ti Coolock. Òun náà ló sì ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ti Ìkẹjà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín nínú ti Coolock kò ní rí i rà ní Dublin. Ti Mondelez ni yóò rà ní Amẹ́ríkà, káàkiri ayé sì ni Mondelez ti ń tajà. Ìpín Cadbury Nàìjíríà ní tirẹ̀ ti wà ní ọjà ìpín ìdókòwò Èkó láti 1976. Bí nǹkan bá ṣe rí ní Nàìjíríà ni ọkàn àwọn tó rà á ṣe ń rí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Dọ́là kan, tó ti wà ní nǹkan bíi náírà 460, kọjá 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Wàhálà bá ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là. Owó tí Nestlé Nàìjíríà pa lórí ọjà ní 2024 pọ̀ ju ti 2023 lọ, síbẹ̀ àdánù rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 160 náírà. Ẹ̀rọ kò dúró. Gbèsè ló wú. Cadbury náà pàdánù ní ọdún méjèèjì. Nígbà tí náírà fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ ní 2025, àwọn méjèèjì padà sí èrè, owó ìpín wọn sì gòkè.

Olùdókòwò kì í dúró de èrè. Ó máa ń wo nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní PMI, tó ń jáde lóṣooṣù ní Ireland àti ní Nàìjíríà. Wọ́n á bi àwọn ilé-iṣẹ́ léèrè bóyá oníbàárà ń béèrè ọjà sí i, bóyá wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ sí i. Bí nọ́ńbà náà bá ju 50 lọ, iṣẹ́ ń gbèrú. Bí kò bá tó 50, iṣẹ́ ń rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí owó ìpín fi lè gòkè kí èrè tó dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá pè yín láti Ìkẹjà pé, “Tètè wá ra ìpín, ilé-iṣẹ́ ti sọjí!”, ẹ dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjà ni wọ́n ń tà sí i ni, àbí náírà ló kàn dúró?” Bó bá jẹ́ náírà nìkan ni, ohun tó gbé èrè wá lè tún gbé e lọ.

Ìbéèrè

1. Báwo ni ilé-iṣẹ́ ṣe lè tajà púpọ̀ kí ó sì tún pàdánù?
2. Kí ni òwe inú àyọkà yìí ń kọ́ olùdókòwò?
3. Ẹ fi “bí … bá” kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò yín.