Ìpàtẹ Fáìlì: Èdè-Ìperí fún Àṣàyàn lórí Kọ̀ǹpútà Olùpèsè

1.0 Ìfáárà

Ní Ìtòkú, ní ìlú Abẹ́òkúta, oníṣòwò àdìrẹ kì í kó gbogbo ọjà rẹ̀ síta. Èyí tí ó bá fẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ rí ni ó ń pàtẹ. Ìyókù wà nínú ìsọ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ orúkọ aṣọ, yálà Olókun tàbí Ìbàdàndùn, lè béèrè fún un láìrí i lórí àtẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà, ìpàtẹ, fi yẹ ju àtòjọ lọ fún orúkọ àwọn fáìlì tí kọ̀ǹpútà olùpèsè ń fi han oníbàárà. Àtòjọ ń dọ́gbọ́n sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù. Ìpàtẹ fi hàn pé ẹnì kan ni ó yan ohun tí a rí.

2.0 Àṣẹ Ìpàtẹ

Abhay Bhushan, ní MIT ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ àbá àkọ́kọ́ fún FTP, èyíinì ni ìlànà ìfi-fáìlì-ránṣẹ́, ní oṣù kẹrin ọdún 1971. Ìlànà tí ó jáde ní 1985 ní àṣẹ méjì fún ìpàtẹ. NLST ń mú orúkọ nìkan wá: ìpàtẹ ṣókí nìyí. LIST ń fi àlàyé kún un, bí ìwọ̀n fáìlì àti ọjọ́ rẹ̀: ìpàtẹ kíkún nìyí. Ìlànà náà kò sọ bí ìlà LIST yóò ṣe rí gan-an. Nítorí náà ni ìrísí rẹ̀ fi lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùpèsè kan sí òmíràn.

3.0 Àṣàyàn

Ọ̀pọ̀ olùpèsè yá àmì àṣàyàn lọ́wọ́ àṣẹ ls ti Unix:

(i) -a: ìpàtẹ pẹ̀lú fáìlì afarapamọ́, èyí tí àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀.
(ii) -S: ètò ìwọ̀n, èyí tí ó tóbi jù ni ó ṣáájú.
(iii) -t: ètò ọjọ́, èyí tí a yí padà kẹ́yìn ni ó ṣáájú.
(iv) -r: ètò àdàpadà; ìkẹyìn di ìṣáájú.
(v) -R: ìpàtẹ àwọ̀nú, ó ń wọ inú gbogbo àpò-fáìlì tí ó wà nínú àpò kan.

Ètò ọjọ́ gba ìṣọ́ra. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 3 oṣù kejìlá 1859, ó sì parí ní 1867. Bí a bá ya àwòrán rẹ̀ sínú fáìlì, -t yóò tẹ̀lé ọjọ́ tí a tọ́jú fáìlì, kì í ṣe ọjọ́ ìwé. Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ 1859-12-03, ètò orúkọ lásán yóò tò wọ́n dáadáa.

Ètò orúkọ pàápàá lè ṣini lọ́nà. Olùpèsè tí ń fi nọ́ńbà lẹ́tà tò lè fi Ẹrúnwọ̀n sẹ́yìn Ìbarà, bẹ́ẹ̀ Ẹ ṣáájú I nínú ábídí Yorùbá.

4.0 Ẹni Tí Ó Ni Àṣàyàn

Oníbàárà lè fi àmì wọ̀nyí béèrè, ṣùgbọ́n alábòójútó olùpèsè lè pinnu ṣáájú. Nínú ProFTPD, ìlà yìí ń ṣe é:

ListOptions "-a +R" strict

-a fi fáìlì afarapamọ́ hàn. +R pa ìpàtẹ àwọ̀nú. Strict kò jẹ́ kí àṣàyàn oníbàárà borí. Pípa -R ní ìdí: lórí àpò ńlá, ìbéèrè kan ṣoṣo lè mú ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. vsftpd pàápàá kì í gbà á àyàfi bí alábòójútó bá ṣí i sílẹ̀.

5.0 Ìpàtẹ àti Ìyọ̀ǹda

Ọ̀rọ̀ méjì yìí kò gbọdọ̀ dàpọ̀. Ìpàtẹ ń sọ ohun tí ojú rí. Ìyọ̀ǹda ń sọ ohun tí ọwọ́ lè mú. Ọ́fíìsì tí ó bá yọ ìwé ilẹ̀ kúrò lórí ìpàtẹ nìkan kò tíì tì í mọ́ ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá mọ orúkọ fáìlì lè fi àṣẹ RETR gbà á, bí ìyọ̀ǹda rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí. Ìyọ̀ǹda ni kí a kọ́kọ́ tò. Ìpàtẹ ni kí ó tẹ̀ lé e.