Nọ́ọ̀tù Táyà Mọ́tò: Báwo Ló Ṣe Yẹ Kó Le Tó?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tún mọ́tò ara wa ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, torí owó iṣẹ́ gáráàjì kì í ṣe kékeré. Kò burú rárá. Ẹni tó bá ní jáàkì àti sípánà lè pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú iṣẹ́ náà tó jẹ́ pé ẹ̀mí àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ló so mọ́ ọn: bí a ṣe ń dè àwọn nọ́ọ̀tù tó mú táyà. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ kọ́ là fi ń wọ̀n ọ́n

Nílé, lọ́dọ̀ fọkanáísà, gbogbo wa la ti rí ọmọ iṣẹ́ tó gun orí sípánà, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ọ̀tù fi ké. Àwa náà sì gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè ní torque. Bí ẹ bá mú agbára tí ẹ fi tẹ sípánà, tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po gígùn sípánà náà, iye rẹ̀ nìyẹn. Newton-metre ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, Nm ni wọ́n sì máa ń kọ. Ọkùnrin tó wúwo tó kílò 75, tó dúró sí ìparí sípánà tó gùn tó ìdajì mítà, ti fi nǹkan bíi 368 Nm dè nọ́ọ̀tù náà. Ṣùgbọ́n 103 Nm ni ọ̀pọ̀ Toyota Corolla ń fẹ́, ọ̀pọ̀ Volkswagen Golf sì ń fẹ́ 120 Nm. Ṣé ẹ rí i? Ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Lórí sípánà kan náà, bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ìwúwo bíi kílò 21 péré, 103 Nm ti pé. Nítorí náà, obìnrin náà lè ṣe é, kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ géńdé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú bóòtù?

Irin ni bóòtù, ṣùgbọ́n ó ń nà díẹ̀ bí a ṣe ń dè é, bíi rọ́bà. Bó ṣe ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló fi ń fa táyà mọ́ ara ọkọ̀ pinpin.

Bí kò bá le tó, táyà á máa mì díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, nọ́ọ̀tù á máa tú, bóòtù á máa rọ síwá sẹ́yìn títí á fi kán. Bó bá sì le jù, bóòtù á nà kọjá ibi tó ti lè padà. Ó lè kán lójú ẹsẹ̀, ó sì lè dúró di ọjọ́ mìíràn kó tó kán. Ó tún lè mú kí dísìkì bíréèkì wọ́, kí ọwọ́ ọkọ̀ máa gbọ̀n bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ tí táyà bá sì jò lóru, sípánà kékeré inú búùtù kò ní lè tú u.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: bí a bá pín agbára tí a fi yí nọ́ọ̀tù sí ọ̀nà mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ń bá ìfaragbora irin sí irin lọ. Ẹyọ kan péré ló ń na bóòtù. Ìdí nìyẹn tí ìpẹtà àti ìdọ̀tí fi ń tan èèyàn jẹ: ọwọ́ á sọ pé ó ti le, bóòtù ò sì tíì nà tó. Bí ẹ bá wá fi òróró tàbí gírísì sí i, yóò yọ̀ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Gbígbẹ ni kó wà, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò

Torque wrench ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ó yí i sí iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ ó sì máa fi dè nọ́ọ̀tù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá ti dún “kó!”, ó tó. Ẹ má tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má fi tú nọ́ọ̀tù, bí ẹ bá sì ti lò ó tán, ẹ yí i padà sí iye tó kéré jù lára rẹ̀. Ìdílé mẹ́ta lè dá owó ra ẹyọ kan.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n méjì tó máa ń wà lára rẹ̀. 1 lb-ft jẹ́ bíi 1.36 Nm. Bí ìwé bá ní 110 Nm, tí ẹ wá yí i sí 110 lb-ft, ẹ ti fi bíi 149 Nm dè é nìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tù díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀.

2. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.

3. Ẹ nu ojú ibi tí táyà máa jókòó sí, kí ìpẹtà kúrò.

4. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo nọ́ọ̀tù wọlé. Bí èyíkéyìí bá ń ṣagídí, ẹ tú u, ẹ tún un wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà fún un díẹ̀.

5. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí táyà á fi kan ilẹ̀ tí kò ní lè yí. Ìgbà yìí ni ẹ ó mú torque wrench.

6. Ẹ má tò ó yípo. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù márùn-ún, ẹ kà wọ́n yípo, kí ẹ sì dè é báyìí: 1, 3, 5, 2, 4. Bó bá jẹ́ mẹ́rin: 1, 3, 2, 4. Ẹ kọ́kọ́ dè gbogbo wọn dé ìdajì, kí ẹ tó dè wọ́n dé iye tó pé.

7. Bí ẹ bá ti rin bíi máìlì 30, ẹ tún fi torque wrench yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ má fo èyí o, torí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó dáadáa ni.

Bó bá jẹ́ gáráàjì ló bá yín ṣe é, tí wọ́n sì ń lo ìbọn afẹ́fẹ́, ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé: “Please finish with a torque wrench.” Kò sí àrífín ńbẹ̀.

Bí táyà bá sì jò lórí mọ́tòwéè, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Ẹ kúrò nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ lọ dúró lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pe àwọn tó ń fa ọkọ̀.

Ní ti òfin, nọ́ọ̀tù ẹyọ kan tó dẹ̀ tàbí tó sọnù tó láti mú kí ọkọ̀ kùnà ìdánwò MOT. Ẹni tó bá sì wa ọkọ̀ tó léwu lè san owó ìtanràn tó £2,500, kó gba póíńtì 3 sórí láísẹ́ǹsì. Òfin ń mú awakọ̀, kódà bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ló bá a dè é. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kó ẹbí sínú ọkọ̀, ẹ rí i dájú pé nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ló ti dún “kó!”